Ṣé wọ́n bọ Zeus lóòótọ́ ni, àbí ìtàn lásán ni?

Débọ̀_Ìlaròó

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tá a ti ṣe ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́sẹ̀ yìí. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 14 la kà, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti mú arọ kan lára dá nílùú Lísírà, làwọn ará ìlú bá figbe bọnu pé àwọn òrìṣà ti gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀ wá bá àwọn, wọ́n ní Bánábà ni Zeus, Pọ́ọ̀lù ni Hermes torí òun ló ń sọ̀rọ̀ jù. Kí wọ́n tó mọ̀, àwòrò Zeus ti kó màlúù àtòdòdó dé ẹnu ibodè, ẹbọ ló fẹ́ rú sí wọn. Ẹni tó ń kọ́ wa kàn ní "abọ̀rìṣà ni wọ́n", ló bá ṣí ojú ìwé tó kàn, àmọ́ èmi ò lè gbójú fò ó bẹ́ẹ̀. Inú fíìmù ni mo ti mọ Zeus, bàbá onírùngbọ̀n tó ń sán àrá, tó ń gba ìyàwó oníyàwó. Ta ló máa fa odindi màlúù lọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ṣé àwọn èèyàn yẹn gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, tí wọ́n ń jí láàárọ̀ tí wọ́n ń ké pè é fún ọmọ, fún owó, fún àlàáfíà, àbí àlọ́ ni gbogbo ẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Tíṣà_Àgbà

Débọ̀ ọmọ mi, ìbéèrè gidi lo bi yìí. Ìtàn ayé àtijọ́ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ, ibi tó sì máa ń dùn mí jù nìyí, torí fíìmù ti sọ ẹ̀sìn àwọn èèyàn di eré ọmọdé. Àwọn Gíríìkì bọ Zeus, wọ́n bọ ọ́ gan-an, ó lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún tí wọ́n fi bọ ọ́. Àwọn ìtàn tó o mọ̀ yẹn, àwọn akéwì ló ni wọ́n, Homer àti Hesiod àtàwọn tó tẹ̀ lé wọn. Ìdí pẹpẹ ni ìsìn gan-an wà. Wọn ò ní ìwé mímọ́ kankan, kò sí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí wọ́n ń kà lákàtúnkà, ohun tí wọ́n máa bi ọ́ ni pé ṣé o rúbọ, ṣé o san ẹ̀jẹ́ tó o jẹ́.

Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìta gbangba ni pẹpẹ máa ń wà, níwájú tẹ́ńpìlì, torí ilé ère òrìṣà ni tẹ́ńpìlì, kì í ṣe ibi tí ìjọ ń jókòó sí. Wọ́n á fi òdòdó sí ẹran lọ́rùn, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọmọbìnrin kan á ru apẹ̀rẹ̀ ọkà báálì, abẹ́ ọkà yẹn ni ọ̀bẹ wà. Wọ́n á ṣanwọ́, wọ́n á wọ́n omi sí ẹran lórí, wọ́n á da ọkà báálì, wọ́n á gé irun díẹ̀ níwájú orí ẹ̀ jù síná. Bí ọ̀bẹ bá ti wọlé báyìí, gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ á figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Egungun itan tí wọ́n fi ọ̀rá wé ni wọ́n ń sun fún òrìṣà, èéfín ẹ̀ ló ń gòkè lọ bá a. Àwọn tó sún mọ́ ìdí ẹ̀ á yan ẹ̀dọ̀ àti ọkàn, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ẹran yòókù á wá di ti gbogbo èrò, wọ́n á pín in bí ẹran Iléyá. Hesiod tiẹ̀ sọ ìdí tó fi jẹ́ pé egungun ló kan òrìṣà, ó ní Prometheus, alárékérekè kan láàárín àwọn òrìṣà, ló tan Zeus jẹ níbì kan tí wọ́n ń pè ní Mekone, ó fi ọ̀rá tó ń dán bo egungun, ó fi ikùn màlúù bo ẹran, èyí tó ń dán sì ni Zeus nawọ́ mú.

Ní Olympia, pẹpẹ ńlá Zeus kì í ṣe òkúta rárá, eérú ni. Eérú itan ẹran tí wọ́n ti ń sun láti ayébáyé, wọ́n á fi omi odò Alpheios pò ó, wọ́n á rẹ́ ẹ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún, tó fi jẹ́ pé nígbà tí Pausanias, arìnrìn-àjò tó ń kọ ìwé, dé ibẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, ó ní gíga ẹ̀ ti tó ẹsẹ̀ bàtà 22. Ẹran mélòó ni wọ́n máa sun kí eérú tó ga tó yẹn? Ẹni tó dúró sídìí òkìtì yẹn ò ní pè é ní àlọ́.

Ní ti Lísírà, ilẹ̀ Tọ́kì ti òní ló wà. Ìtàn kan wà tí Ovid, akéwì ará Róòmù, kọ sílẹ̀, Phrygia tó múlé gbè wọ́n ló ti ṣẹlẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́: Zeus àti Hermes para dà di arìnrìn-àjò, wọ́n ń kanlẹ̀kùn kiri, gbogbo èèyàn lé wọn àfi tọkọtaya arúgbó kan, Philemon àti Baucis, tí wọ́n tálákà àmọ́ tí wọ́n gbà wọ́n sílé. Omi bo gbogbo àwọn tó kù. Ẹni tó bá ti gbọ́ irú ẹ̀ láti kékeré, tó wá rí àlejò méjì tí wọ́n mú arọ dìde, ṣé ó máa fi màlúù falẹ̀ ni?

Àbẹ̀kẹ́_Dallas

Ẹ ṣé gan-an sà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwà Zeus yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi o. Èmi tí mo bí ọmọbìnrin, báwo ni màá ṣe mú ọmọ mi lọ síwájú òrìṣà tí wọ́n ń sọ pé ó di màlúù ó gbé Europa lọ, ó di ẹyẹ lọ bá Leda? Ṣé ojú ò ti àwọn náà ni?

Tíṣà_Àgbà

Ojú tì wọ́n, Àbẹ̀kẹ́, àwọn fúnra wọn ló sì kọ́kọ́ pariwo ẹ̀. Xenophanes ará Colophon, akéwì tó tún jẹ́ onírònú, tó gbáyé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà ṣáájú ìbí Jésù títí wọ ìkarùn-ún, ó ní gbogbo ohun tó jẹ́ ìtìjú láàárín èèyàn, olè jíjà, àgbèrè, ẹ̀tàn, Homer àti Hesiod ti kó o lé àwọn òrìṣà lórí. Òun náà ló sọ pé tí màlúù àti ẹṣin bá lọ́wọ́ tí wọ́n sì mọ àwòrán yà, òrìṣà ẹṣin á jọ ẹṣin, ti màlúù á jọ màlúù. Ó ní àwọn Etiópíà ń sọ pé òrìṣà àwọn dúdú, imú wọn sì tẹ́, àwọn ará Thrace sì ń sọ pé ti àwọn, irun pupa ló wà lórí wọn. Plato onímọ̀ ọgbọ́n orí náà ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ìtàn wọ̀nyẹn tọ́ ọmọ rárá. Kò sẹ́ni tó ní àwọn méjèèjì yẹn ò bẹ̀rù ohun tó ju èèyàn lọ o, wọ́n ń gbèjà òrìṣà lọ́wọ́ akéwì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ká má fi ìtàn díwọ̀n ẹ̀sìn wọn.

Ọ̀yọ́Mèsì_Gidi

Ṣé kì í ṣe Ṣàngó ni Zeus yìí náà? Àrá ló ń sán, ọba ni, obìnrin pọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo rò pé ohun kan náà ni gbogbo wọn, orúkọ ló yàtọ̀.

Akin_Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ ibi tẹ́ ẹ ti mú un wá, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi Zeus sílẹ̀ ní Gíríìsì ká lè rí i dáadáa. Ọba Ọ̀yọ́ tó gbáyé tó sì di òrìṣà la mọ Ṣàngó sí. Zeus ò jọba ìlú kankan rí lójú wọn, àrá sì kàn jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ ẹ̀ ni. Zeus Ktesios ń bẹ nínú yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ pa mọ́ sí, ìṣà kékeré ló dúró fún un, wọ́n á fi òwú àgùntàn funfun wé etí ẹ̀, wọ́n á rọ omi tó mọ́ àti òróró ólífì sí i pẹ̀lú oríṣiríṣi èso. Òun ló ń ṣọ́ dúkìá ilé. Zeus Herkeios wà ní àgbàlá. Zeus Xenios ló ń gbèjà àlejò, Zeus Horkios ló ń gbọ́ ìbúra. Zeus Meilichios sì rèé, ejò ńlá ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ sí ara òkúta. Ní Áténì, tí wọ́n bá fẹ́ fi èèyàn sípò olóyè tí wọ́n ń pè ní archon, lára ohun tí wọ́n á bi í ní gbangba ni pé, ṣé o ní Apollo Patroos àti Zeus Herkeios, ibo sì ni ojúbọ wọn wà? Wọ́n á tún bi í nípa sàréè àwọn baba ẹ̀ àti bóyá ó ń ṣe dáadáa sí àwọn òbí ẹ̀. Zeus àgbàlá yìí ni ará Áténì mọ̀ láti kékeré, kì í ṣe ti fíìmù.

Débọ̀, o béèrè bóyá wọ́n ń ké pè é fún ọmọ àti owó. Jẹ́ kí n sọ ti Dodona fún ẹ, ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Àríwá ìwọ̀ oòrùn Gíríìsì ni, ní agbègbè Epirus, láàárín òkè. Ojúbọ Zeus ni, igi oak kan wà níbẹ̀ tí Zeus ń gbẹnu ẹ̀ sọ̀rọ̀, Homer dárúkọ àwọn àwòrò tó ń tọ́jú ẹ̀, ó ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sùn, wọn kì í sì í fọ ẹsẹ̀. Nígbà tí Herodotus òpìtàn débẹ̀, obìnrin mẹ́ta ló bá nídìí ẹ̀, ó sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á kọ ọ́ sára òjé pẹlẹbẹ kékeré, á ká a tàbí kó ṣẹ́ ẹ po. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà títí dé ìkejì ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n fi ń ṣe é. Karapanos ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú wọn jáde ní àwọn ọdún 1870, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìsì sì tẹ ìwé kan jáde ní 2013 tó kó ìbéèrè tó lé ní 4,000 jọ.

Àwọn ìbéèrè yẹn ni kẹ́ ẹ wá gbọ́. Hermon ń bi Zeus, òrìṣà wo ni kóun tọ̀ kí Kretaia lè bí ọmọ sí i fóun, yàtọ̀ sí àwọn tó ti wà nílẹ̀? Lysanias ń béèrè lọ́wọ́ Zeus Naios, orúkọ tí wọ́n ń pe Zeus ní Dodona, àti Dione ìyàwó ẹ̀ níbẹ̀, ṣé òun lòun ni oyún tó wà nínú Annyla? Kleotas fẹ́ mọ̀ bóyá èrè wà nínú àgùntàn sísìn. Agis ń wá ibùsùn àti ìrọ̀rí, ṣé ó sọ nù ni àbí ará ìta ló jí i. Ẹrú kan ń béèrè bóyá olówó ẹ̀ máa mú ìlérí òmìnira ṣẹ. Ìlú odidi náà ń wá o, àwọn ará Corcyra, erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Corfu lónìí, wọ́n bi í pé òrìṣà wo làwọn lè rúbọ sí kí ìlú lè wà níṣọ̀kan. Ìkọ̀wé ẹlòmíì rí wọ́gọwọ̀gọ, ó hàn pé kì í ṣe akọ̀wé ló kọ ọ́, wọ́n tún máa ń pa ìbéèrè àtijọ́ rẹ́ kí ẹlòmíì lè kọ tiẹ̀ sórí òjé kan náà.

Ẹni tó rìn gba orí òkè yẹn lọ, tó kọ "ṣé èmi ni mo ni oyún yìí" sára òjé, ṣé eré ló ń ṣe? Mo ti dúró níwájú díẹ̀ lára wọn rí, mo sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn tó bá ń sọ̀rọ̀ Zeus kọ́kọ́ ka ogún péré nínú wọn.

Màmá_Ìbejì

Jésù o, ti oyún yẹn mà dé mi lára. Ẹ bá mi béèrè, àwọn tó ń ṣàìsàn ńkọ́? Ta ni wọ́n ń sá tọ̀?

Nọ́ọ̀sì_Bísí

Màmá, Asklepios òrìṣà ìwòsàn ni, ọmọ Apollo. Ibi tó lókìkí jù ni Epidauros. Aláìsàn á wẹ̀, á rúbọ, tó bá di alẹ́ á lọ sùn sínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní abaton, òrìṣà á wá bá a lójú àlá, nígbà míì ó máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, nígbà míì ejò tàbí ajá ibẹ̀ ló máa lá ojú egbò ẹ̀. Wọ́n kọ ìwòsàn tó ṣẹlẹ̀ sára òkúta ńláńlá, Pausanias ka mẹ́fà tó ṣì dúró, a ṣì ní lára wọn dòní, ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ti Kleo, tó lóyún fún ọdún márùn-ún kó tó wá sùn níbẹ̀, ó bí ọmọkùnrin, ọmọ ọ̀hún sì dìde lọ wẹ ara ẹ̀ lẹ́nu ìsun omi.

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti ọmọdé kan, Euphanes. Òkúta wà nínú àpò ìtọ̀ ẹ̀, ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rí mọ bí ìrora yẹn ṣe máa ń rí. Ó sùn, òrìṣà dúró níwájú ẹ̀ ó bi í pé, "Kí lo máa fún mi tí mo bá wò ẹ́ sàn?" Ọmọ ní, "Kókósẹ̀ mẹ́wàá." Egungun kókósẹ̀ àgùntàn tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ni o, gbogbo ohun tó ní nìyẹn. Òrìṣà rẹ́rìn-ín, ó ní òun á mú un kúrò, ilẹ̀ sì mọ́, ara ọmọ dá.

Ní Kọ́ríńtì, wọ́n wú apá, ẹsẹ̀, etí, ọmú tí wọ́n fi amọ̀ mọ jáde nílẹ̀ ojúbọ Asklepios, àwọn tó rí ìwòsàn ló gbé àwòrán ibi tó ń dùn wọ́n wá fi dúpẹ́. Ẹ rántí Socrates náà, olùkọ́ Plato. Nígbà tí wọ́n fún un ní májèlé mu ní 399 ṣáájú ìbí Jésù, ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí Plato ṣe kọ ọ́ ni pé kí Crito ọ̀rẹ́ òun bá òun san àkùkọ tóun jẹ Asklepios. Ọ̀kan lára ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, àbí kí ni? Pé kò ka àwọn òrìṣà ìlú sí.

Bùrọ̀dá_Sámúẹ́lì

Ẹ káàlẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, ó gbádùn mọ́ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ya aṣọ wọn nígbà tí wọ́n rí màlúù yẹn, wọ́n ní kí wọ́n yí padà kúrò nínú ohun asán. Ẹ má jẹ́ ká fi ìmọ̀ yin òkùnkùn.

Tíṣà_Àgbà

Arákùnrin, mo gbọ́ yín, Kristẹni lèmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ tún ka orí 17, nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Áténì. Ó rìn yíká, ó wo ohun tí wọ́n ń sìn fínnífínní, ó rí pẹpẹ tí wọ́n kọ "Sí Ọlọ́run Àìmọ̀" sí, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ẹ̀. Ó tún ní àwọn kan nínú àwọn akéwì yín sọ pé, "Àwa pẹ̀lú jẹ́ ọmọ rẹ̀." Ara ewì Aratus ni ọ̀rọ̀ yẹn wà, ará Soli ní Kílíkíà, agbègbè kan náà tí Tásù ìlú Pọ́ọ̀lù wà, ẹni tí Aratus sì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbẹ̀ ni Zeus. Pọ́ọ̀lù ka ewì wọn, ó mọ̀ ọ́n sórí. Kò gba ẹ̀sìn wọn, àmọ́ kò fi àìmọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀.

Bùrọ̀dá_Sámúẹ́lì

Mi ò mọ ti Aratus yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣé sà, màá lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àbẹ̀kẹ́_Dallas

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún fi èyí kún un. Tí èèyàn bá kú ńkọ́? Ṣé ìrètí kankan wà fún wọn lẹ́yìn ikú?

Akin_Manchester

Nínú Homer, kò sí ìrètí kan tó dáa, òjìji lásán ni òkú. Torí ẹ̀ ni awo Eleusis, ìlú kan nítòsí Áténì, ṣe ká wọn lára tó bẹ́ẹ̀. Hades, ọba ilẹ̀ àwọn òkú, jí Persephone gbé lọ sábẹ́ ilẹ̀, Demeter ìyá ẹ̀, òrìṣà ọkà, wá a kiri, ó fi ìbínú dá ọkà dúró, kò sóhun tó hù mọ́, títí Zeus fi gbà kí ọmọ máa pa dà wá bá ìyá ẹ̀ fún apá kan nínú ọdún. Eleusis ni Demeter jókòó sí nígbà tó ń ṣọ̀fọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣe awo ẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ìkórè wáìnì, àwọn tó fẹ́ ṣawo á kọ́kọ́ gbé ẹlẹ́dẹ̀ kékeré wọ inú òkun lọ wẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fẹsẹ̀ rìn láti Áténì, nǹkan bíi kìlómítà 20, wọ́n á gbààwẹ̀, wọ́n á mu omi tí wọ́n po báálì àti ewé míńtì sí, wọ́n á sì wọ inú gbọ̀ngàn ńlá lóru. Ọkùnrin, obìnrin, ẹrú, ọmọ ìlú, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ èdè Gíríìkì tí kò sì tíì pààyàn rí ló lè wọlé. Ohun tí wọ́n fi hàn wọ́n nínú ibẹ̀, wọn ò sọ ọ́ síta. Ìyà ikú ló wà fún ẹni tó bá tú awo, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún pa á mọ́, ìyẹn nìkan tó láti fi mọ̀ pé wọ́n gbà á gbọ́. Cicero ará Róòmù tó ṣe é ní ó kọ́ àwọn láti fi ayọ̀ gbélé ayé, ó sì fún àwọn ní ìrètí tó sàn nígbà ikú.

Ọ̀yọ́Mèsì_Gidi

Mo ti gbọ́ ti Ṣàngó yẹn, ẹ ṣé àbúrò. Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀ Delphi, ojúbọ Apollo tí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀, rárá? Òun la gbọ́ jù.

Akin_Manchester

Torí pé òun lẹ ti gbọ́ jù ni, ẹ̀gbọ́n. Obìnrin tó ń gbẹnu sọ fún Apollo níbẹ̀ ni Pythia, ọjọ́ keje oṣù ló ń jókòó, kì í jókòó nígbà òtútù. Wọ́n á wọ́n omi tútù sí ewúrẹ́ lára, tí kò bá gbọ̀n látòkèdélẹ̀, kò sí ìbéèrè lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọba àtàwọn ìlú ńlá ló kún inú ìtàn Delphi, bíi Croesus ọba Lydia àti wúrà ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn mẹ̀kúnnù, Dodona ni kó lọ.

Débọ̀_Ìlaròó

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin màmá, ẹ ṣé, ẹ ò ní rí ibi. Mo máa tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde lọ fún ẹni tó ń kọ́ wa. Méjì ló kù: báwo ló ṣe parí, ṣé a sì lè rí àwọn òjé yẹn lójúkojú?

Akin_Manchester

Òfin Ọba Theodosius ní 391 àti 392 lẹ́yìn ìbí Jésù ló ka ẹbọ àti tẹ́ńpìlì léèwọ̀ káàkiri ilẹ̀ Róòmù. Wọ́n gé igi oak Dodona lulẹ̀ ní nǹkan bí àsìkò yẹn náà. Àmọ́ àwọn èèyàn kan wà ní Gíríìsì lónìí tí wọ́n tún ń bọ àwọn òrìṣà wọ̀nyí, ìjọba ibẹ̀ sì kà wọ́n sí ẹ̀sìn tí òfin mọ̀ ní 2017.

Ní ti òjé, músíọ́mù ìlú Ioannina ni kó o lọ, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn wà. Láti ibẹ̀ o lè wọ mọ́tò lọ sí Dodona fúnra ẹ̀, kò jìnnà, wàá rí tíátà òkúta ńlá tí wọ́n kọ́ nígbà Pyrrhus ọba Epirus. Tó o bá dé músíọ́mù, sún mọ́ gíláàsì dáadáa, torí àwọn òjé yẹn kéré, òmíràn ò ju ìka ọwọ́ lọ, lẹ́tà ara wọn sì tín-ín-rín. Wọ́n kọ ìtumọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn.